Aago Ló Ń Darí Fídíò: Ìdí Tí Sikirínì Fi Ń Ṣìnà Lẹ́yìn Tí Iná Bá Lọ

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní ilé oúnjẹ kan ní àdúgbò Challenge, n'Ìbàdàn. Èrò ti tò dé ẹnu ọ̀nà: awakọ̀ méjì, ọmọdékùnrin kan tó wọ aṣọ iléèwé, ìyá àgbà kan tó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Àkàrà ń hó nínú epo lẹ́yìn káńtà, òórùn mọ́ínmọ́ín sì gba gbogbo inú ilé.

Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n gbé kọ́ sókè káńtà, èyí tó yẹ kó máa fi oúnjẹ àárọ̀ àti iye owó rẹ̀ han oníbàárà, asun àti pẹpẹ súùpù ló ń polówó. Nígbà tó polówó tán, ó gbé àkọlé kan jáde gàdàgbà: "Ó dàárọ̀ o, a ti ń palẹ̀mọ́." Ìyá àgbà wo òkè, ó wo obìnrin tó ń gbowó, ó ní ṣé oúnjẹ ti tán ni.

Obìnrin náà gun àpótí, ó na rìmóòtù sí tẹlifíṣọ̀n, ó tẹ̀ ẹ́ títí. Kò sí ohun tó yí padà, nítorí kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ló ṣìnà. Àpótí pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà, ló ń ṣe é. Pléyà ni wọ́n ń pè é. NEPA mú iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ àná, wọn ò dá a padà àfi aago méje àárọ̀. Nígbà tí iná dé, pléyà náà jí, ó sì ń ka aago lọ láti ibi tó bá a dé kí iná tó lọ. Lójú tirẹ̀, alẹ́ ṣì ni.

Ẹni tó bá máa ń lọ sí báǹkì, sí ilé ìwòsàn tàbí sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti rí irú rẹ̀ rí. Sikirínì yóò máa kí ènìyàn kú ọdún Kérésì nínú oṣù kejì, tàbí kó dúdú kirimú ní ọ̀sán gangan. Ẹni tó wà nídìí káńtà ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ní àlàyé.

Kí pléyà tó dé

Ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí tẹlifíṣọ̀n WNTV n'Ìbàdàn, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kó má ní ẹni tí yóò mú ìwé àtò ètò dání, tí ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára aago, tí yóò sì máa sọ fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pé fíìmù báyìí ló kàn. Bí onítọ̀hún bá tòògbé, gbogbo ìlú ló máa rí i.

Nígbà tó yá, ìròyìn NTA ti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di ohun tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń tún aago ara ògiri ṣe. Bí orin ìròyìn bá ti dún, bàbá yóò wo aago, yóò sì sún ọwọ́ rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn.

Lára àwọn ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ gbé irú àtò àkókò bẹ́ẹ̀ wọ ilé wa ni ẹ̀rọ fídíò kásẹ́ẹ̀tì VHS, tí iléeṣẹ́ JVC gbé jáde ní Japan ní ọdún 1976. Ènìyàn lè sọ fún un pé kó gba ètò kan sílẹ̀ ní aago báyìí, kó sì ti ilẹ̀kùn jáde lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ náà nílé láyé ọdún 1980 sí 1990 kò ní gbàgbé nọ́ńbà tó máa ń ṣẹ́jú wìrìwìrì níwájú rẹ̀ lẹ́yìn tí NEPA bá mú iná lọ tó sì dá a padà: 12:00. Aago rẹ̀ ti sọnù, ètò tí wọ́n ní kó gbà sílẹ̀ sì ti bá a lọ. Ìṣòro ilé oúnjẹ Challenge nìyẹn, láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn.

Ohun tó wà nínú àpótí náà

Kọ̀ǹpútà kékeré ni pléyà. Wáyà HDMI kan ló so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ibi tó ń tọ́jú fídíò sí, ì báà jẹ́ mẹ́mórì kaàdì tàbí irú èyí tí wọ́n ti jó mọ́ inú rẹ̀. Ó tún ní ẹ̀yà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa tú fídíò tí wọ́n ti fún pọ̀ sílẹ̀, kí àwòrán lè máa lọ geere láìdúró.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fídíò náà ti ń bọ̀ tààrà, bí ẹni ń wo YouTube. Pléyà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò wa fídíò sínú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa fi hàn láti ibẹ̀ títí wọn yóò fi ní kó pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìpolówó tó gba 30 ìṣẹ́jú àáyá, tó mọ́lẹ̀ dáadáa, máa ń tó 30 mẹ́gábáìtì. Ogún irú rẹ̀ jẹ́ 600 mẹ́gábáìtì, ó tán. Bí ó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni sikirínì náà ti ń fà á ní gbogbo ìgbà, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́, yóò jẹ dátà tó lé ní 43 jígábáìtì lóòjọ́. Kò sí oníṣòwò kan ní Dùgbẹ̀ tó lè san irú owó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, pléyà yóò kàn máa yọjú sí kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, láti bèèrè bóyá iṣẹ́ tuntun wà. Bí ó bá wà, yóò wa á. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń sọ fún un pé kó dúró di òru kó tó wa fídíò ńlá, nígbà tí dátà rọjú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì fúyẹ́. Pléyà tó dára kì í fọwọ́ kan fídíò àtijọ́ títí tuntun yóò fi wọlé tán pátápátá, tí yóò sì ti yẹ̀ ẹ́ wò pé kò lábùkù. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín méjì, èyí tó wà ńlẹ̀ ni yóò máa fi hàn lọ.

Bí wọ́n ṣe ń to àkókò

Ẹni tó ń ṣe àtò yóò kọ́kọ́ kó fídíò jọ sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Yóò wá sọ ìgbà tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa jáde: ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí, ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀, wákàtí wo. Oúnjẹ àárọ̀, ọjọ́ Ajé sí Àbámẹ́ta, aago mẹ́fà sí mọ́kànlá. Oúnjẹ ọ̀sán, mọ́kànlá sí mẹ́rin. Kò le rárá tó bá mọ síbẹ̀.

Ibi tó ti ń le ni ìgbà tí ọ̀wọ́ méjì bá já lu ara wọn. Obìnrin kan tó ń bójú tó sikirínì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ábẹ́òkúta sọ pé ìkéde tí wọ́n fún ní "gbogbo ọjọ́, gbogbo wákàtí" ló máa ń da iṣẹ́ òun rú lọ́jọ́ Ìdúpẹ́. Wọ́n á ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀, á sì máa já bọ́ sáàárín ètò pàtàkì. Oògùn rẹ̀ ni pé kí wọ́n fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ipò. Bí méjì bá pàdé, èyí tí ipò rẹ̀ ga jù ni yóò wọlé, èkejì yóò dúró. Nísàlẹ̀ gbogbo wọn, wọn yóò fi fídíò kan sílẹ̀ tí kò ní ọjọ́ tí kò ní wákàtí, tí yóò máa jáde nígbàkúùgbà tí kò bá sí òmíràn. Àìsí fídíò ìsàlẹ̀ yìí ló fà á tí sikirínì púpọ̀ fi ń dúdú. Àtò wọn ti parí lọ́jọ́ tí oṣù parí, kò sì sí ẹni tó rántí.

Ìbéèrè mìíràn tún wà. Fídíò kan gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ ní 11:59. Aago méjìlá lù, ètò mìíràn sì yẹ kó wọlé. Ṣé kí pléyà gé ti àkọ́kọ́ láàárín ni, àbí kó jẹ́ kó parí? Ní báǹkì, kò burú bí ó bá parí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń ka ìṣẹ́jú lọ sí ọdún tuntun, kíkàsẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́. Ẹni tó ń ṣe àtò ló gbọ́dọ̀ yan èyí tó fẹ́, nítorí pléyà kò lè mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Kí òkùnkùn má baà sì wà láàárín fídíò kan sí èkejì, pléyà yóò ti ṣí èyí tó kàn sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kí èyí tó wà lójú tó parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an: aago

Gbogbo ohun tí mo ti kọ lókè yìí, orí aago ló dúró lé. Bí aago bá ṣìnà, àtò tó dára jù lọ láyé di asán.

Nínú pléyà tó péye, òkúta kuátísì kékeré kan wà tó ń gbọ̀n nígbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n mú nọ́ńbà yìí nítorí pé bí a bá pín in sí méjì, tí a tún pín in sí méjì, títí di ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹyọ kan ni yóò kù, ẹyọ náà sì ni ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò péye tán o. Ó lè fi nǹkan bí ìṣẹ́jú kan yára tàbí kó fi falẹ̀ láàárín oṣù kan. Bátìrì pẹlẹbẹ kan bí owó ẹyọ ló ń bọ́ ọ nígbà tí iná bá lọ: CR2032, fólítì mẹ́ta, irú èyí tó wà nínú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní. Bátìrì kékeré yẹn lè mú aago ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí NEPA.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ pléyà olówó pọ́ọ́kú kò ní aago yìí rárá. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n dá ọgbọ́n rẹ̀ ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní oṣù kejì ọdún 2012 ní dọ́là 35, ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣe pléyà káàkiri ayé. Wọn kò fi aago sínú rẹ̀ kí owó rẹ̀ má baà wọ́n. Ohun tó ń ṣe dípò rẹ̀ ni pé yóò máa kọ aago sílẹ̀ sínú mẹ́mórì kaàdì ní wákàtí wákàtí. Bí iná bá lọ tó sì dé, yóò bẹ̀rẹ̀ láti aago tó kọ sílẹ̀ gbẹ̀yìn, yóò sì máa retí kí íntánẹ́ẹ̀tì wá sọ òótọ́ fún un. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí ìyá àgbà ní Challenge gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìgbà tí Raspberry Pi 5 jáde lọ́dún 2023 ni wọ́n tó fi aago sí i, ọ̀tọ̀ sì ni ènìyàn yóò ra bátìrì rẹ̀.

Ẹni tó dá ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà fi ń bèèrè aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n David Mills, ará Amẹ́ríkà. NTP ni orúkọ ọgbọ́n náà, ó sì ti wà láti ọdún 1985. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, síbẹ̀ òun ló jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé máa ka aago kan náà títí di òní. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ọgbọ́n tó wà nínú NTP ni pé pléyà kì í kàn bèèrè aago nìkan, ó tún ń ka iye àkókò tí ìbéèrè fi lọ tí ìdáhùn sì fi bọ̀, kó lè yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Ó dára bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà. Bí kò bá sí ńkọ́? Bí báǹkì bá ti ọ̀nà tí NTP ń gbà pa nítorí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ọ̀tìgbà, n'Ìkẹjà, sọ pé pléyà tí aago rẹ̀ ti padà sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970 kò ṣàjèjì sí àwọn. Ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń padà sí bí ọwọ́ wọn bá ṣófo. Ìpolówó tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí kò ní jáde lójú ẹ̀rọ tó gbà pé ọdún 1970 la wà. Èyí tó tún burú jù ni pé kò ní lè wọlé sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀ pàápàá. Ìwé ẹ̀rí ààbò tí kọ̀ǹpútà náà yóò fi hàn án ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, pléyà yóò sì ní ọjọ́ ìwé náà kò tíì pé, yóò sì kọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó yẹ kó tọ́ ọ sọ́nà ló ti ilẹ̀kùn mọ́.

Agogo iléèwé àti oòrùn

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ra pléyà ní ìlú wa mọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ lè gbà tẹ̀lé àtò àkókò. Àkọ́kọ́ dà bí ọmọ iléèwé tó ń retí agogo. Bí agogo bá lù ní aago mẹ́jọ, yóò dìde. Bí ó bá sùn lọ nígbà tí agogo ń lù, ó parí, yóò máa sùn lọ títí agogo mìíràn yóò fi lù. Èkejì dà bí àgbẹ̀ tó jí, tó wo ibi tí oòrùn wà, tó sì mọ iṣẹ́ tó yẹ kó ti wà lọ́wọ́ òun ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àtò tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe jẹ́ ti agogo. Wọ́n ń lo cron, ohun èlò kan tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà oníṣẹ́ Unix láti àwọn ọdún 1970. Cron yóò ṣe iṣẹ́ aago mẹ́jọ ní aago mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí iná ní aago mẹ́jọ, tí iná wá dé ní mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, cron kò ní wẹ̀yìn. Iṣẹ́ náà ti kọjá lọ. Àwọn tó ṣe cron kò rò pé ilé tí kọ̀ǹpútà wọn wà lè wà láìsí iná ní ìgbà mẹ́rin lóòjọ́.

Pléyà tó bá máa wúlò fún wa gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àgbẹ̀. Bí ó bá ti jí, kó bi ara rẹ̀ pé: aago mélòó ló lù báyìí, kí ló yẹ kó wà lójú sikirínì ní àkókò yìí? Kó sì fi í hàn lójú ẹsẹ̀. Olùkọ́ kan tó ń kọ́ni nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì sọ pé òun máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ní iṣẹ́ yìí ṣe, tí òun yóò sì yọ wáyà iná wọn láìsọ fún wọn. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti ń mọ ẹni tó lóye ìlú tó ń gbé.

Iná tó ń lọ lójijì ní ewu mìíràn pẹ̀lú. Bí pléyà bá ń kọ nǹkan sínú mẹ́mórì kaàdì lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ, kaàdì náà lè bàjẹ́, kí pléyà má lè jí mọ́ rárá. Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ náà ní tirẹ̀: ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún ilé máa ń dúró gbagidi pẹ̀lú iná pupa kékeré nísàlẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá dé, títí ẹnì kan yóò fi tẹ rìmóòtù. Pléyà ti ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀, sikirínì ló ń sùn. Àwọn pléyà kan lè jí i láti inú wáyà HDMI kan náà, bí wọ́n bá ti tẹ ibi tó yẹ nínú tẹlifíṣọ̀n.

Aago mẹ́jọ Èkó, aago méje Lọ́mẹ̀

Pléyà tí ń bọ̀ láti Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà lè gbé aago ilẹ̀ Ṣáínà dání, tó fi wákàtí méje ṣíwájú tiwa. Bí wọn ò bá yí i sí Africa/Lagos, orúkọ tí kọ̀ǹpútà fi ń pe aago tiwa, aago mẹ́jọ àárọ̀ wa ni aago mẹ́ta ọ̀sán lójú rẹ̀. Bí ẹ bá rí sikirínì tó ń fi wákàtí kan náà ṣìnà lójoojúmọ́, láìyẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Iléeṣẹ́ tó bá ní ẹ̀ka ní Èkó, ní Kùtọnu àti ní Lọ́mẹ̀ tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Aago kan náà ni Nàìjíríà àti Benin ń lò, ṣùgbọ́n Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. London ló tún lọ́jú pọ̀ jù. Láti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta títí di èyí tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, aago London àti ti Èkó bá ara mu. Nígbà òtútù, London yóò fi wákàtí kan padà sẹ́yìn. Àwọn ìjọ Yorùbá tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń bá ìsìn Èkó lọ lórí sikirínì, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àwa tí a kì í yí aago wa padà ni a máa ń gbàgbé.

Mọ́sáláṣí: àtò tí kì í dúró lójú kan

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí àtò àkókò tó le jù, kó lọ wo sikirínì inú mọ́sáláṣí. Ó ń fi àkókò ìrun márààrún hàn, ó ń ka ìṣẹ́jú sílẹ̀ de ìgbà tí wọn yóò gbé ìrun dúró, ó sì gbọ́dọ̀ dá ohùn fídíò dúró nígbà tí ládàánì bá ń pe ìrun. Oòrùn ló ń sọ àkókò wọ̀nyí, kì í ṣe aago ọwọ́.

Ní Èkó, oòrùn kì í dé àtàrí ní aago méjìlá géérégé. Nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ ló máa ń dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, nígbà tó bá sì di àárín oṣù kejì, ó ti ń tó aago kan. Ìdí ni pé aago tí Nàìjíríà ń lò bá oòrùn ibi tó jìnnà sí Èkó ní ìhà ìlà oòrùn mu. Nítorí náà, kò sí bí ènìyàn ṣe lè kọ wákàtí kan sílẹ̀ fún ìrun ọ̀sán kó sì fi sílẹ̀ fún ọdún kan. Pléyà yóò fi ọjọ́ òní àti ibi tí mọ́sáláṣí wà lórí ilẹ̀ ayé ṣírò rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọmọ ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí kan n'Ílọrin sọ pé àwọn kì í gbà kí ẹ̀rọ pinnu ọjọ́ tí ààwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Oṣù ààwẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dúró de ìkéde rírí oṣù. Fídíò ààwẹ̀ ti wà nínú pléyà sílẹ̀, ènìyàn ni yóò ṣí i. Mo rí i pé ọgbọ́n ńlá ni ìyẹn. Ohun tí aago lè mọ̀, ẹ jẹ́ kí aago ṣe é. Ohun tó jẹ́ ìpinnu àwọn àgbà, kí ọwọ́ àgbà ṣì wà níbẹ̀.

Owó ń bẹ nídìí rẹ̀

Ẹni tó sanwó fún ìpolówó lórí pátákó oníná n'Ìkẹjà tàbí ní Lẹ́kí yóò bèèrè ẹ̀rí pé wọ́n fi hàn. Pléyà ló ń kọ ẹ̀rí náà: fídíò báyìí, ọjọ́ báyìí, aago báyìí, ó jáde tán tàbí kò tán. Bí aago pléyà bá ṣìnà, ẹ̀rí náà di irọ́, bí fídíò bá tilẹ̀ jáde ní tòótọ́. Oníbàárà lè ní òun kò ní sanwó, kò sì sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi.

Àtò àkókò tún lè dín owó iná kù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lóòjọ́ fún, láti náírà 68 lọ sí 225 lórí ìwọ̀n kílówáàtì kan fún wákàtí kan. Sikirínì tó ń jẹ 150 wáàtì, tí wọ́n fi sílẹ̀ ní títàn fún wákàtí mẹ́wàá lóru níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni, yóò jẹ owó tó lé ní 10,000 náírà láàárín oṣù kan ní iye ìgbà náà. Sikirínì kan ṣoṣo nìyẹn. Pléyà tó lè pa á ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó sì tàn án ní mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ń san owó ara rẹ̀ padà.

Ohun tí ẹ ó bèèrè kí ẹ tó rà á

Kò dára bí àwọn kan ṣe ń ta ẹ̀rọ tí kò ní aago fún ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀ṣì tí iná wọn ń lọ lójoojúmọ́, tí wọn kò sì sọ fún ẹni tó ń rà á. Aago kékeré oníbátìrì tó lè yanjú ọ̀rọ̀ náà kò wọ́n púpọ̀. Ó yẹ kí olùtà sọ ọ́ kó tó gbowó.

Ẹ bèèrè bóyá bátìrì aago wà nínú rẹ̀, àti bóyá wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá yóò máa ṣiṣẹ́ lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò ìsàlẹ̀ sí i, kí wọ́n sì yí aago rẹ̀ sí Africa/Lagos lójú yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yọ ọ́ kúrò lójú iná níwájú yín, kó sì pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ jáde lọ jẹun. Ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí kan, kí ó tún tì í bọ iná. Bí aago tó gbé jáde kò bá bá ti ọwọ́ yín mu, tàbí tí fídíò tó ń fi hàn kì í ṣe ti wákàtí náà, ẹ má sanwó.